Ìkónimọ́ra àti Àánú nínú Ìdarí Ilé-Ìwé: Ìtàn Táí Ṣólàrín àti Mayflower School, Ìkẹ́nnẹ́

Ìfáàrà

Fún ìgbà pípẹ́ nínú ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ìjọ ẹlẹ́sìn àti ọwọ́ ìjọba ni ilé-ìwé wà. Ibi tí ọwọ́ ìjọba kò bá tó, ìjọ ni yóò kọ́ ilé-ìwé síbẹ̀. Ibi tí ìjọ kò bá lè dá ṣe, ìjọba a fi owó ràn án lọ́wọ́. Èyí ni ó fi jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí olùkọ́ kan ṣí ilé-ìwé gíráámà ní Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1956, láìsí ìjọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti ìjọba. Táí Ṣólàrín ni orúkọ olùkọ́ náà. Mayflower School ni orúkọ ilé-ìwé náà.

Bí ajàfẹ́tọ̀ọ́-aráàlú àti òǹkọ̀wé inú ìwé-ìròyìn tí kò bẹ̀rù ìjọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ Ṣólàrín. Ọ̀nà tí ó gbà darí ilé-ìwé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ìbéèrè méjì ni ó wà nídìí ìdarí ilé-ìwé èyíkéyìí. Èkíní ni pé, ta ni ó ráyè wọlé? Èkejì ni pé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí ó wọlé? Ìkónimọ́ra ni ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́, àánú ni ìdáhùn sí ti ìkejì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ní Mayflower, ohun kan náà ló so ìdáhùn méjèèjì pọ̀, èyí ni pé olórí kì í gbé ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rù lé ọmọ lórí. Yóò tún fi hàn pé ibi tí agbára irú ìdarí bẹ́ẹ̀ wà náà ni àìlera rẹ̀ wà.

Ilé-Ìwé àti Ìjọ Ṣáájú Ọdún 1956

Àwọn ajíyìnrere Mẹ́tọ́díìsì àti ti CMS dé Badagry ní 1842. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ìwé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1859 ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, òun sì ni ilé-ìwé gíráámà àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Èrò àwọn tí ó dá ilé-ìwé wọ̀nyí sílẹ̀ kò fara sin. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ lè ka Bíbélì, kí ó sì di ọmọ ìjọ. Ìwé kíkà ni ọ̀nà, ìgbàgbọ́ ni ibi tí ọ̀nà náà ń lọ.

Kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ èrè tí ilẹ̀ Yorùbá jẹ níbẹ̀. Nípa iṣẹ́ àwọn ajíyìnrere ni èdè Yorùbá fi di kíkọ sílẹ̀ lọ́nà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ilé-ìwé wọn sì ni àwọn akọ̀wé, olùkọ́, dókítà àti agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ti jáde. Ṣùgbọ́n owó-ibodè kan wà tí ọmọ tí kì í ṣe ti ìjọ gbọ́dọ̀ san kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó gba orúkọ tuntun ní ilé-ìwé, tí ó ń kọ orin ìsìn tí a kì í kọ ní ilé rẹ̀, tí ó sì padà di ọmọ ìjọ. Ìbẹ̀rù èyí mú kí ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí fi ọmọ wọn pa mọ́ sílé. Òun náà ni ó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láì sọ ẹ̀sìn ilé rẹ̀ nù. Ní ti ọmọ àwọn onísẹ̀ṣe, kò sí ẹgbẹ́ tí ó kọ́ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé, tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954, fò sókè di 811,432 ní 1955. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kejì, ìyẹn ti ilé-ìwé gíráámà, kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, ìdánwò àṣewọlé wà níbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọ̀nyí ìjọ náà sì wà níbẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí ni Mayflower dé.

Láti Wesley College dé Molusi College

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Ṣólàrín sí ní 1922. Ìbejì ni, òun sì ni Táíwò, ẹni tí Yorùbá gbà pé ó kọ́kọ́ jáde láti wá tọ́ ayé wò. Wesley College, Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó kàwé ní Yunifásítì Manchester, ó sì tún kàwé sí i ní London. Ní 1951 ni ó fẹ́ Sheila Tuer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì jọ wá sí Nàìjíríà ní 1952.

Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn aráàlú ni ó dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀ ní 1949. S. O. Awókọ̀yà, ẹni tí ó padà di mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, ni ọ̀gá tí ó ṣáájú Ṣólàrín níbẹ̀. Kò pẹ́ tí Ṣólàrín fi fòpin sí àdúrà àti orin ìsìn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Ohun méjì ni ó wà nínú ìpinnu yìí, ó sì dára kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni èrò Ṣólàrín fúnra rẹ̀. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì ni ìlànà kan tí ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ pàápàá lè fara mọ́, ìyẹn ni pé ilé-ìwé kì í ṣe ilé ìsìn, nítorí náà kò yẹ kí ó fi ẹ̀sìn ẹnì kan ṣe òdiwọ̀n fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn tí ó ni ilé-ìwé kò fara mọ́ ọn. Ní àsìkò náà, ilé-ìwé tí wọn kì í ti í gbàdúrà jọ ilé tí kò ní òrùlé lójú ọ̀pọ̀ òbí, ìbẹ̀rù wọn kò sì ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ mọ́, Ṣólàrín fi ipò náà sílẹ̀ ní 1955. Ó pinnu pé bí ilé-ìwé tí òun ń wá kò bá sí, òun yóò dá a sílẹ̀.

Orúkọ Mayflower àti Ìbéèrè tí ó Gbé Wá

Mayflower ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé èrò 102 kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń sá fún ìjọba tí ó ń fi ipá mú wọn sin Ọlọ́run ní ọ̀nà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìtumọ̀ tí Ṣólàrín fi orúkọ náà pè ṣe kedere. Òun náà kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ó tẹ orí ba fún ìsìn tí kò gbà, ó sì ń wá èbúté tuntun.

Ṣùgbọ́n ìtàn Amẹ́ríkà ní apá kejì. Nígbà tí àwọn tí wọ́n sá fún ìfipámúni wọ̀nyí àti àwọn ará wọn tí ó tẹ̀ lé wọn fìdí múlẹ̀ ní etíkun náà, àwọn kan nínú wọn di afipámúni. Láàárín 1659 sí 1661, ìjọba Massachusetts so ẹlẹ́sìn Quaker mẹ́rin kọ́ ní Boston. Ìtàn yìí gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó yẹ kí a bi ẹnikẹ́ni tí ó bá dá ilé-ìwé tí ó yàtọ̀ sílẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìfipámúni yóò rántí láti má ṣe fi ipá mú ẹlòmíràn? Ó yẹ kí a fi ìbéèrè yìí wọn Mayflower náà.

Ìkónimọ́ra: Ta ni Ilẹ̀kùn Ṣí fún?

Kò sí ilé ìsìn ní Mayflower, kò sí àdúrà òwúrọ̀, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìjọ kan tí ọmọ gbọ́dọ̀ há sórí. Ọmọ Kristẹni, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ onísẹ̀ṣe lè jókòó lórí àga kan náà láì sí pé orúkọ ẹnì kan nínú wọn dá ojú tì í. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Ohun tí Ṣólàrín ṣe ni pé ó mú ògiri kúrò ní ojú ọ̀run náà.

Ìkónimọ́ra náà kò mọ sórí ẹ̀sìn. Ọkùnrin àti obìnrin jọ kàwé ní Mayflower ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gíráámà jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọwọ́ kò sì ní akọ tàbí abo níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ìlú àti ẹ̀yà oríṣiríṣi ní Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ afínnúfíndọ̀ṣiṣẹ́ láti òkè òkun náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Rẹ́mọ tí kò tíì kúrò ní abúlé bàbá rẹ̀ rí lè bá ọmọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ jọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan náà.

Owó ni ó sábà máa ń ti ọmọ tálákà mọ́ òde. Ilé-ìwé tí kò ní ìjọ tàbí ìjọba lẹ́yìn lè tètè di ilé-ìwé ọmọ olówó nìkan. Ọ̀nà tí Mayflower gbà yẹra fún èyí ni iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá oko, wọ́n sin ohun ọ̀sìn, wọ́n sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé àti yàrá tí wọ́n ń kàwé. Bí oúnjẹ bá ti inú oko ilé-ìwé jáde, tí ọwọ́ àwọn ọmọ bá sì wà nínú ilé kíkọ́, owó tí òbí yóò san yóò dín kù. Nítorí náà, iṣẹ́ oko kì í ṣe àfikún ẹ̀kọ́ lásán. Òun ni ó di ilẹ̀kùn náà mú kí ó má tì.

Àánú tí Kì Í Ṣe Ìkẹ́bàjẹ́

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, Ṣólàrín kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé-ìròyìn Daily Times tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn pé ọdún á yabo, òun ní tirẹ̀ gbàdúrà pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí pálapàla. Àwọn kan pè é ní èpè. Báwo wá ni ẹni tí ó ń tọrọ ìnira fún ènìyàn ṣe lè jẹ́ aláàánú?

Ìdáhùn wà nínú àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Àánú kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ìkẹ́bàjẹ́. Ẹni tí ó ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́ ń dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ayé fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣàánú ọmọ ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé náà. Lójú Ṣólàrín, ọmọ tí ó lè bọ́ ara rẹ̀ ni ọmọ tí kò ní di ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí Mayflower gbà wo iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fi èyí hàn jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Nàìjíríà, títí di òní, ìjìyà ni gígé koríko àti ríro oko. Ẹni tí ó pẹ́ dé, tàbí tí ó sọ èdè abínibí ní kíláàsì, ni wọ́n ń gbé àdá fún. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ó ń kọ́ pé iṣẹ́ tí bàbá òun ń ṣe ní oko lójoojúmọ́ jẹ́ ìyà, pé ìwà burúkú ni ó ń sọ ènìyàn di àgbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ yóò tijú òbí rẹ̀ kí ó tó mọ ìdí. Ní Mayflower, ọmọ tí ó hùwà rere àti ọmọ tí ó ṣẹ̀ jọ ń lọ sí oko ni, nítorí ẹ̀kọ́ ni oko jẹ́. Bí wọ́n ṣe gba ìyà kúrò lára iṣẹ́ jẹ́ àánú sí ọmọ náà, ó sì tún jẹ́ àpọ́nlé fún àwọn òbí tí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kò dúró sábẹ́ igi máa pàṣẹ. Ṣòkòtò kúkúrú àti fìlà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Ṣólàrín, nínú aṣọ iṣẹ́ yìí ni ó sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́. Sheila náà ń kọ́ni, ó sì ń bá a ṣe ètò ilé-ìwé. Wọ́n dá Mayflower Junior School sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní 1959. Bí olórí bá wà nínú oòrùn kan náà, iṣẹ́ á le, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ìrẹ́jẹ. Èyí ni ó ya ìdarí Ṣólàrín sọ́tọ̀ sí ti ọ̀gá tí ó ń wàásù ìforítì láti inú ọ́fíìsì.

Àwọn Ibi tí Àríwísí Wà

Bí a bá fi ìbéèrè ọkọ̀ Mayflower wọn Mayflower ti Ìkẹ́nnẹ́, ìwọ̀n náà kò dọ́gba pátápátá. Lóòótọ́, wọn kò fi ẹ̀sìn kankan ti ọmọ mọ́ òde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òun kò ní ipa lórí ọmọ ọdún méjìlá. Yíyọ àdúrà kúrò nínú ètò ilé-ìwé jẹ́ ìdájọ́ òdodo fún ẹni tí àdúrà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè dà bí òfo fún ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àwíjàre tí ó lágbára jù fún Ṣólàrín ni pé kò sí òbí tí ó ní dandan láti mú ọmọ wá sí Mayflower, àti pé ọmọ tí ó wá kò ní láti yí orúkọ tàbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kí ó tó lè kàwé. Àwíjàre náà kò kéré, ṣùgbọ́n kò pa ìbéèrè náà rẹ́.

Àríwísí kejì kan líle ọ̀nà. Ìka kò dọ́gba. Ọ̀nà pálapàla tí ó ń sọ ọmọ kan di alágbára lè dá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ aláàánú gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó ń ṣọ̀lẹ àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà. Àríwísí kẹta ni pé ilé-ìwé tí ó gbára lé ìwà ẹnì kan wà nínú ewu ní ọjọ́ tí ẹni náà bá kúrò. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bí ó ti wù kí ó ga tó.

Nígbà tí Ìjọba Gba Ilé-Ìwé

Ewu tí a mẹ́nu bà yìí kò pẹ́ kí ó tó dé. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ìjọba ológun gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ àti àwọn aládàáni, Mayflower School náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n Mayflower Junior School ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìdílé náà. Láti ìgbà yìí lọ, iṣẹ́ Ṣólàrín pọ̀ sí i ní ìta ilé-ìwé. Ó ṣe kọmíṣọ́nà tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú lórí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó. Ìjọba ológun tí ó dé ní òpin 1983 fi í sí àtìmọ́lé nítorí ohun tí ó sọ lòdì sí wọn. Ní 1989 ó di alága àkọ́kọ́ fún People's Bank, báńkì tí ó ń yá àwọn tálákà ní owó kékeré. Ó di olóògbé ní 1994. Sheila dúró sí Ìkẹ́nnẹ́, iṣẹ́ ilé-ìwé náà ni ó sì ń ṣe lọ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó di olóògbé ní 2012.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èrò Ṣólàrín nínú ètò ìjọba yẹ fún àkíyèsí. Ìlànà Ètò-Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977, àti ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, fi iṣẹ́ ọwọ́ sí ọkàn ẹ̀kọ́ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Lórí ìwé, ó jọ pé gbogbo Nàìjíríà fẹ́ di Mayflower. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti òkè òkun wà tí ó fi dípẹtà, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ọkọ́ àti àdá ni Mayflower fi bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú olórí tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ìjọba lè ra ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ kò ṣe é rà.

Ní 2005, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì ètò-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fi orúkọ Táí Ṣólàrín sọ ọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ lára ògiri rọrùn ju ìwà nínú kíláàsì lọ.

Ohun tí Olùkọ́ Òde Òní Lè Rí Kọ́

Òfin Nàìjíríà lónìí ti gbà pé ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà láti 2003, òfin ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wà láti 2004, òfin tí ó lòdì sí fífi ojú tẹ́ńbẹ́lú abirùn sì bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ UNICEF, àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 10 lọ. Òfin ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò wọlé. Olùkọ́ ni ẹni náà.

Ohun mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè mú nínú ìtàn Mayflower láì ní láti dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Èkíní, kí ó máa wo kíláàsì rẹ̀ láti mọ irú owó-ibodè tí àwọn ọmọ ń san níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀sìn, ó lè jẹ́ èdè, ó sì lè jẹ́ àtẹ̀gùn tí ọmọ arọ kò lè gùn. Èkejì, kí ó má ṣe fi iṣẹ́ tí òbí ọmọ ń jẹ ṣe ìjìyà fún ọmọ náà. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe bèèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ṣe lọ́wọ́ ọmọ.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ipasẹ̀ ìdarí Táí Ṣólàrín láti Molusi dé Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ti fi hàn pé ìkónimọ́ra àti àánú kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán nínú ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ná ẹni tí ó gbé wọn kalẹ̀ ní ipò rẹ̀, wọ́n sì ná àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òógùn ojú wọn. Ìdarí náà ní àbùkù tirẹ̀, nítorí ó gbára lé ẹnì kan jù, èrò ẹni náà sì wúwo. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí Mayflower fi kún òwe yìí ni pé ọmọ tí ó bá wọn lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé náà yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tà á.